Tábà Ọlọ́dọọdún àti Yàrá Tí Iná Ò Gbọdọ̀ Wọ̀

Ẹnu nọ́ọ̀sì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ọ́síjìn wá sílé aládùúgbò mi ní Peckham, àgbàlagbà kan tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá kọ́ òun àti ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n á ṣe máa lò ó, èmi náà sì wà níbẹ̀. Ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ náà sí bàbá nímú, ó ní:

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, iná kankan ò gbọdọ̀ wọ yàrá yìí. Ọ́síjìn máa ń wọnú aṣọ, ó máa ń wọnú bẹ́ẹ̀dì, ẹ ò sì ní rí i. Tíná bá ta sí i pẹ́nrẹ́n, ó parí.”

Ìyàwó yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Dádì, ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n ní kò sí tábà mọ́.”

“Iná ni mo sọ, Mọ́mì.”

“Tábà náà ni mò ń sọ.”

Nọ́ọ̀sì wò mí, mo wò ó. Ó kó báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ tábà yẹn ti pẹ́ nínú ilé náà. Nígbà tí ọkùnrin yìí wà lọ́dọ̀ọ́, ó ṣiṣẹ́ ní Switzerland, nínú ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì kan létí adágún odò. Ọmọ onílẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń fọ ìkòkò níbẹ̀ ló fi tábà ìlú wọn mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ni àjọ̀dún orílẹ̀-èdè wọn. Tí iṣẹ́ bá ti parí lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì á gun òkè, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa fa tábà, wọ́n á máa wo iná tí àwọn ará abúlé dá sórí àwọn òkè yòókù. Ó ti pẹ́ tó ti dé London, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá rí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọ̀hún ló ń fi páálí tábà ránṣẹ́ sí i lọ́dọọdún.

Ìjọ aláṣọ funfun ni ìyàwó rẹ̀ ń lọ, wọn kì í sì í fojú kan tábà níbẹ̀. Wọ́n ti bá ara wọn dá a sí méjì: ọkọ á lọ fa tirẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ilé, ìyàwó á wọ sùtánà, á tan àbẹ́là, á sì fi tùràrí gbàdúrà sí yàrá, kí òórùn tábà àti ohun tó bá bá a rìn má baà wọlé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kà á sí.

Nígbà tí ọjọ́ àjọ̀dún náà pé lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dé, bàbá pè mí lórí fóònù. “Ra láítà bọ̀. Ìyá Ìjọ ti kó gbogbo ìṣáná ilé.” Mo rà á ní Rye Lane, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹlẹ́ja. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà, òórùn ẹja sì tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ìyàwó ló ṣílẹ̀kùn. “Akọ̀ròyìn, o tún ti dé. Ẹni tí ò rí èémí mí ni ìwọ fẹ́ bá fa tábà?”

“Mọ́mì, Dádì ló ránṣẹ́ pè mí o.”

“Dádì ẹ ò tíì kú, o ti ń wá ìròyìn òkú kiri.”

Bàbá rẹ́rìn-ín nínú yàrá títí ikọ́ fi gbà á. Ó tẹ̀ lé òfin nọ́ọ̀sì bí ọmọ iléèwé. Ó yọ rọ́bà nímú, ó pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì, ó pààrọ̀ ṣòkòtò. Nígbà tí a dé orí bẹ́ǹṣì, ó ní ká kọ́kọ́ jókòó kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí òun lára dáadáa. Ó ní, “Ẹni tó ń ṣọ́ra báyìí, báwo ló ṣe máa jóná?”

Tábà náà gùn, ó dúdú, ó wọ́ bí gbòǹgbò. Koríko gbígbẹ kan gba àárín rẹ̀ já. Ó fa koríko náà yọ bí ẹni fa ẹyọ kan jáde nínú ìgbálẹ̀, ó tan iná sí i, ó sì fi iná koríko tan tábà. “A kì í gbé èéfín rẹ̀ mì o. Ẹnu lásán ni.” Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Lọ́hùn-ún, iná á wà lórí òkè yìí, iná á wà lórí ìyẹn. Tó bá yá, o ò ní mọ èyí tó jẹ́ ìràwọ̀.”

Ó gbójú sókè wo fèrèsé yàrá rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ń mì lẹ́yìn kọ́tìnì.

“Wò ó, ìyàwó mi náà ti dáná sórí òkè tiẹ̀.”

A rẹ́rìn-ín. Ó yára mú tábà kúrò lẹ́nu. Ó ní, “Mi ò pa ẹ̀rọ yẹn. Orí ìrọ̀rí ni mo gbé rọ́bà sí.”

Mo dìde. Ìmọ́lẹ̀ náà funfun lẹ́ẹ̀kan náà, ó kún fèrèsé. Obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn ń jáde lọ kírun mọ̀gàríbà. Ohun tó sọ fún mi lẹ́yìn náà ni pé, “Kò dún bí nǹkan tó bú gbàmù. Ó dún bí ẹni ya aṣọ, aṣọ tó gùn gan-an.” Òun ló kọ́kọ́ gbá ilẹ̀kùn wọn, òun ló fa ìyàwó jáde. Ẹsẹ̀ lásán ni ìyàwó fi sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún sùtánà rẹ̀ ti jó lẹ́ mọ́ ọn lára. Ó kọjá lára mi, ó lọ dúró níwájú ọkọ rẹ̀.

“Tábà kọ́ o,” ó ní. “Mo wo gbogbo ibẹ̀. Kò sí tábà kankan.”

Bàbá ń wá èémí. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Ẹ̀rọ tó ń fún un lémìí wà lókè nínú iná. Ó ti tẹ tábà pa mọ́lẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́ǹṣì mú títí áńbúláǹsì fi dé.

Àwọn méjèèjì yè é. Káńsù fún wọn ní fúláàtì mìíràn, ẹ̀rọ tuntun, rọ́bà tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ kí bàbá lè máa rìn káàkiri. Mo lọ kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Páálí ọdún yìí ti dé láti Switzerland. Ìyàwó ti gbé e síta, sẹ́yìn fèrèsé, ó fi ọwọ́ tí ìka rẹ̀ ò ká tán mọ́ látìgbà iná yẹn tọ́ka sí i fún mi. “Kò ní wọlé níbi tí mo bá wà.”

Bí mo ṣe ń wọ bàtà mi, òórùn kan kọlù mí. Tùràrí ni.

“Mọ́mì, kí lẹ ń sun?”

“Yàrá kejì ni. Yàrá tiẹ̀ kọ́. Ṣé èmi ò gbọ́n ni?”

Mo wo yàrá kejì náà. Àbẹ́là wà lórí tábìlì, ó ń jó jẹ́jẹ́. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá náà àti ti bàbá. Rọ́bà gígùn yẹn gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá, ilẹ̀kùn ò sì lè pa dé.