Ọkọ̀ Tí Adìyẹ Ń Yé Sí

Ọdún tí wọ́n yọ wá kúrò lára Kwara tí a di ará Kogi, ọdún náà ni ọkọ mi ra ilé adìyẹ kan ní Òkè-Bùkún. Ọkọ̀ ni òun pè é. Èmi tí mo bá a lọ wò ó, adìyẹ ni mo rí. Àgbébọ̀ kan sàba sórí ìjókòó awakọ̀, ó ń wò wá bí ẹni tí àlejò já wọlé bá láìkan ilẹ̀kùn. Imú ọkọ̀ náà gùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju méjì lọ, ó sì rẹlẹ̀ débi pé koríko ti bo táyà rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ máa mú un lọ," ni àgbẹ̀ tó ni ín wí, "àmọ́ ẹ jẹ́ kí adìyẹ yìí pamọ ná."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi dúró de adìyẹ.

Akọ̀wé ni ọkọ mi ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Kabba. Láti kékeré ló ti mọ ọkọ̀ yìí. Òyìnbó kan tó wá ṣe ojú ọ̀nà ló gbé e wá láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè wá ní ará Àríwá. Tó bá ń kọjá, àwọn ọmọ iléèwé á sáré jáde láti kíláàsì, olùkọ́ wọn á sì sáré tẹ̀ lé wọn, kì í ṣe láti lé wọn padà o, òun náà fẹ́ wò ó ni. Nígbà tí òyìnbó ń lọ sílé, ọ̀gá iléèwé kan ní Iyamoye rà á. Lẹ́yìn rẹ̀ ló bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò kọfí kan, tí ń di àpò kọfí sínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré àti fàájì, títí ìdí ọkọ̀ fi wọlẹ̀. Iwájú oko àgbẹ̀ Òkè-Bùkún yìí ló ti wá dákú pátápátá, oníkọfí sì fi í ta á lọ́rẹ.

Mẹkáníìkì kan wà ní Kabba nígbà náà, bàbá àgbàlagbà tó kọ́ṣẹ́ ní Kaduna. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀ títí, ó ní, "Ẹbí eku mẹ́ta ló ń gbé níbí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún wọn níwèé pé kí wọ́n kó ẹrù wọn jáde." Ó tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tún un tò. Kunlékunlé kun ara ọkọ̀ ní àwọ̀ ewé bíi ti àtijọ́. Ìjókòó rẹ̀ tó jẹ́ awọ nìkan ni kò sẹ́ni tó lè ṣe é.

Ọkọ mi yíjú sí mi. Aránṣọ ni mí.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Aṣọ ni mò ń rán, n kò rán màlúù rí."

Mo rán an ṣá. Mo tú èyí tó ti gbó, mo fi gé ìwọ̀n, mo ra awọ lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń ṣe bàtà. Abẹ́rẹ́ tó kán mọ́ mi lọ́wọ́ kì í ṣe díẹ̀, àtàǹpàkò mi sì wú bí iṣu. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà kígbe, ọkọ mi tó ń kírun ní "Alihamudulilahi," èmi tí mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní "Aleluya," mẹkáníìkì ní kí àwa méjèèjì kúrò níwájú ọkọ̀, bíréèkì rẹ̀ kò tíì dá òun lójú.

Ìròyìn dé Iyamoye. Láàárọ̀ Sátidé kan, ìyá arúgbó kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

"Okun o," ó kí mi bí a ti ń kíra nílẹ̀ wa.

"Okun o, mama. Ẹ wọlé."

"Èmi ni ìyàwó ọ̀gá iléèwé tó ni ọkọ̀ yín nígbà kan. Olóògbé ni báyìí. Wọ́n ní ẹ ti jí ọkọ̀ náà dìde, mo ní kí n wá kí i."

Mo mú un lọ síbi tí ọkọ mi ti ń nu ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó fọwọ́ pa ìjókòó. "Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni, mama."

"O ṣeun. Ti òyìnbó máa ń jó wa nídìí."

Ló bá wọlé síbi ìjókòó awakọ̀.

"Mama, ẹ̀gbẹ́ kejì ni tiyín," ni ọkọ mi wí.

"Ọmọ mi, mo mọ ibi tí mo jókòó sí. Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Ó bọ́ bàtà. Èmi jókòó tì í, ọkọ mi ká ara rẹ̀ sẹ́yìn níbi tí kò gbà ju ọmọdé lọ, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n. A kọrí sí ọ̀nà Iyara. Afẹ́fẹ́ ń gbá gèlè mi.

"Mama, ẹ rọra!"

"Ọkọ̀ yìí kì í rọra. Tẹ́ ẹ bá ń rọra fún un, á máa gbóná."

Lóòótọ́ ni, gbígbóná ló ti ń gbóná mọ́ ọkọ mi lọ́wọ́ láti oṣù kan.

Ó dúró lábẹ́ igi kan. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọkọ òun kò ríran jìnnà, ó sì ń tijú kí àwọn èèyàn mọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni òun ìyàwó fi bá a wa ọkọ̀ náà. Tí wọ́n bá ti kù díẹ̀ kí wọ́n dé iléèwé, wọ́n á pààrọ̀ ìjókòó, ọ̀gá á sì rọra wà á wọlé bí ọba. "Àmọ́ kò sí orúkọ mi nínú ìwé ọkọ̀." Ó kọjú sí mi. "Ìyàwó, o lè wakọ̀?"

"Rárá, mama."

"O rán ìjókòó, o kò lè jókòó síbẹ̀?"

A pààrọ̀ ìjókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọkọ̀ kú mọ́ mi lẹ́sẹ̀ kí ìyá tó sọ pé, "Ṣé o kì í fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ ni? Bẹ́ẹ̀ náà ni." Ni ọkọ̀ bá gbéra.

Ọ̀pọ̀ Sátidé ló fi wá kọ́ mi. Nígbà tó yá, a lọ sí Lokoja láti pààrọ̀ nọ́ńbà Kwara sí ti Kogi. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ béèrè orúkọ tí òun máa kọ. Mo ń retí ti ọkọ mi.

"Ti ìyàwó mi ni kẹ́ ẹ kọ," ló wí.

Akọ̀wé gbójú sókè. "Ọ̀gá, kí ló dé?"

"Òun ló ń wà á. Ẹ̀yìn ni èmi ń jókòó sí."

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ń wá áńkáṣífù nínú báàgì mi.

Ọdún méje ni mo fi wa ọkọ̀ náà. Mo fi gbé aṣọ ìyàwó títí dé Ponyan. Nígbà tí ojú ìyá náà wá di bàìbàì, èmi ni mo ń gbé e kiri láti kí àwọn ọmọ rẹ̀. Á dijú, á gbọ́wọ́ lé itan.

"Kòtò ń bọ̀ lápá òsì," á wí.

Kòtò á sì wà níbẹ̀.