Mọ́tò Cele Tó Ń Mí Hẹlẹ

Kò sí agbéraga tó tó Mfanafuthi Cele ní gbogbo ìlú Germiston. Ó ti Durban létí òkun wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó sì wa mọ́tò kan wá tí ẹnikẹ́ni ò lè lé bá ní Durban. Ó ti pààrọ̀ pístìnnì rẹ̀, ó ti tún sáléǹsà rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní fi tọ́bò sí i láéláé.

"Ọ̀pá ìtìlẹ̀ arúgbó ni tọ́bò," ló máa ń wí.

Ní Sọ́ńdè kan tí a ń fi mọ́tò sáré ìdíje, tíṣà obìnrin kan tó fi tọ́bò sí mọ́tò tiẹ̀ kọjá lára Cele bí ẹni pé Cele dúró sójú kan. Ni Cele bá já wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe mẹkáníìkì, tí mo ti ń bá a tọ́jú mọ́tò náà.

"Nokwazi, kí lo fi sínú ẹ́ńjìnnì mi? Àjẹ́!"

"Àjẹ́ ni ìyá tó bí ọ! Orí òkè la wà, atẹ́gùn ibí fẹ́lẹ́. Tọ́bò ló máa ń fipá ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì. Fi sí i, àbí kó o máa wo ẹ̀yìn mọ́tò tíṣà kiri."

Ó pòṣé. Nígbà tí Kérésì dé, ó wa mọ́tò náà lọ sílé, ó sì pè mí láti etí òkun.

"Ó ń fò bí ẹyẹ! Ṣó o rí i, ọwọ́ rẹ ò tó Durban."

Nígbà tó ń padà bọ̀, tó ń gun òkè, ó tún pè. Mo ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń mí hẹlẹ.

"Ta lo rán sí mọ́tò mi lójú ọ̀nà?"

"Ọlọ́run ni. Òun náà ló gbé Germiston sórí òkè. Lọ bá a jà."