Ìbòrí Eyín Mi Ti Bàjẹ́, Gbogbo Agboolé Ló Mọ̀ Ṣáájú Mi

Ẹ fara balẹ̀, mo ní ẹjọ́ kan láti rò fún yín, inú sì ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo ṣubú lórí ọ̀kadà, eyín iwájú mi méjèèjì sì kán létí. Dókítà eyín kan bá mi lẹ finíà mọ́ wọn, ìyẹn ìbòrí funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú eyín. Kò dí èjí mi, mo ti kìlọ̀ fún un. Mo bi í pé ìgbà wo ni mo máa pààrọ̀ wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámi, kí lẹ tún fẹ́ pààrọ̀? Ó di tiyín títí ayé nìyẹn."

Mo gbà á gbọ́. Èmi tí mo ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n máa béèrè ẹ̀rí!

Ọdún kẹrìnlá rèé. Lọ́dún tó kọjá, mo rí ìlà dúdú kan níbi tí finíà ti pàdé èrìgì. Etí ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ ahọ́n mi. Bí mo bá mu omi tútù, á ta mí dé ọpọlọ. Mo pe dókítà náà. Ó ní ọjọ́ ogbó ni, kí n máa fi omi iyọ̀ fọnu. Ṣé iyọ̀ ló ń lẹ ohun tó ti ṣí ni? Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi fọnu bí òpè.

N kò mọ̀ pé ẹnu mi ti ń rùn. Ta ló máa sọ fún mi? Nílùú wa, wọn kì í sọ irú rẹ̀ fún àgbà, súìtì ni wọ́n máa ń fún un. Bí mo bá ti dé agboolé ọkọ mi ní Ìrémọ, súìtì mínítì lọ́tùn-ún, súìtì mínítì lósì. Mo rò pé wọ́n fẹ́ràn mi ni.

Ẹnì kan wà tó lè sọ ọ́ láìbẹ̀rù: àbúrò ọkọ mi obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí mo wọlé wọn, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Eyín rẹ̀ tò dáadáa, nítorí náà mo sọ ọ́ ní Eyínmẹ́nugún. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo fi pè é bẹ́ẹ̀, tí mo ń kúnlẹ̀ kí ọmọ tó dàgbà lójú mi.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, a ń sọ ọmọ tí àbígbẹ̀yìn mi bí lórúkọ. Èmi ni ìyàwó tó dàgbà jù nínú ilé, èmi ni mo máa ń gbé ọmọ tuntun, tí mo sì ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí. Mo na ọwọ́. Eyínmẹ́nugún gbé ọmọ náà kọjá níwájú mi, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ jókòó, ó ti rẹ̀ yín."

Ta ló sọ fún un pé ó rẹ̀ mí?

Àwọn ìyàwó kéékèèké ń wolẹ̀. Mo fa ìyàwó àkọ́bí mi wọ yàrá. Omi ti lé sí i lójú kó tó lè sọ ọ́: "Màmá, ẹ má bínú. Ẹnu yín ni. Wọ́n ní kí ẹ má mí sí ọmọ lójú." Àwọn wo ni "wọ́n"? Eyínmẹ́nugún ni. Láti ìgbà Kérésì ló ti ń sọ ọ́ láti yàrá dé yàrá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá dókítà eyín mìíràn, obìnrin kan ní Modákẹ́kẹ́. Ó fi irin tín-ínrín kan ìlà dúdú yẹn. Ó ní finíà ti ṣí, oúnjẹ sì ti ń wọ abẹ́ rẹ̀ tipẹ́. Ó ṣí wọn kúrò. Ọ̀kan nínú eyín náà ṣeé tún ṣe, ó sì fi finíà tuntun bò ó. Èkejì ti rọ̀ bí ẹ̀gẹ́ tó jẹrà, ó ní a gbọ́dọ̀ yọ ọ́. "Ká ní ẹ tètè wá ni, Mà, finíà nìkan là bá pààrọ̀."

Bí èjí mi ṣe lọ nìyẹn, èjí tí ọkọ mi fi máa ń dá mi mọ̀ láàárín èrò.

Mo dúró de ìpàdé ẹbí. Eyínmẹ́nugún tún na súìtì sí mi. Mo ní, "Fọlákẹ́."

Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé èmi lẹ pè bẹ́ẹ̀?"

Mo ní òun ni. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní ojú ló ń ti òun.

"Ojú tì ọ́ láti sọ fún mi, kò tì ọ́ láti sọ fún gbogbo agboolé. Ká ní o ti sọ ọ́ fún mi ní Kérésì, eyín mi lè wà lẹ́nu mi."

Orúkọ tí mo sọ ọ́, mo ti gbà á padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní finíà, kò sí èyí tó jẹ́ títí ayé. Bí ìlà dúdú bá yọ, bí etí rẹ̀ bá ń kọ́ ahọ́n, bí omi tútù bá ń ta yín, tàbí tí súìtì bá ń pọ̀ jù lọ́wọ́ yín, ẹ lọ rí dókítà. Bí ó bá ní ọjọ́ ogbó ni, ẹ wá ẹlòmíràn lọ.

Ta ló kọ́kọ́ sọ irú rẹ̀ fún ẹ̀yin, ṣé ní kọ̀rọ̀ ni àbí ní gbangba? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Bí ẹ bá sì wà lára àwọn tó ń pín súìtì, ẹ kọ tiyín náà. Mo ń kà á.