Táyé Ará Kòríà

Mo rántí ìgbà tí fóònù mi máa ń fẹ̀yìn ti agolo mílíìkì lórí àpótí ní àgbàlá wa ní Adjamé, ní Abidjan, tí èmi àti Màmá Àgbà á jókòó síwájú rẹ̀ lẹ́yìn ìrun alásàrí, tí a ó máa wo fíìmù àwọn ará Kòríà. Màmá Àgbà kì í ṣe ìyá ìyá mi. Yàrá wọn ló kángun sí tiwa. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n sì ti ta abọ́ ní ọjà Adjamé títí orúnkún wọn fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Faransé ọjà nìkan ni wọ́n gbọ́, bẹ́ẹ̀ Faransé ni wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ àwọn inú fíìmù náà sí. Èmi tí wọ́n bí sí Abidjan, tí mò ń gbọ́ Yorùbá ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ, ni mo wá di ògbufọ̀. Bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà ṣe ń fi ọ̀nà han àlejò ni iṣẹ́ mi rí.

Nínú fíìmù náà, wọ́n kó àwọn ènìyàn tí ayé ti sú lọ sí erékùṣù kan, wọ́n sì ń gbé ìdánwò kalẹ̀ fún wọn lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ẹ̀mí rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣẹ́kù ló ni owó. Ọmọbìnrin kan wà láàrin wọn tó sá kúrò ní Kòríà Àríwá. Ìbejì ni. Òun àti èkejì rẹ̀ jọ dé etí odò tó ti di yìnyín, ẹ̀rù ba èkejì, ó padà. Eléyìí sọdá. Láti ọjọ́ náà, kò wá nǹkan mìíràn láyé ju owó tí yóò fún ẹni tó máa mú èkejì rẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́ tí mo túmọ̀ ibẹ̀, ẹ̀gúsí tí Màmá Àgbà ń bó dúró lọ́wọ́ wọn.

“Èwo ló kọ́kọ́ wáyé nínú wọn?”

Mo ní fíìmù ò sọ.

“Eléyìí ni. Táyé ni. Táyé ló máa ń jáde lọ wo ayé.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe sọ ọ́ ní Táyé. Kí n tó tan fóònù lójoojúmọ́, Màmá Àgbà á ti béèrè pé ṣé Táyé ti jẹun. Wọ́n ń ṣàdúà fún un lẹ́yìn ìrun, ọmọ tí kò mọ̀ bóyá Ògbómọ̀ṣọ́ wà láyé. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú mi, títí di ìgbà tí mo gbọ́ ìdí rẹ̀. Táyé ni àwọn náà. Àwọn àti Kẹ́hìndé wọn ti jọ pinnu láti bá ọkọ̀ akẹ́rù wá sí Abidjan, ṣùgbọ́n ìyá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́jọ́ tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Kẹ́hìndé ní òun ò lè fi ìyá sílẹ̀. Màmá Àgbà lọ láìdágbére. Nígbà tí ìyá kú, wọn ò lè lọ sílé, ìtìjú sì di odi. Ó ti lé lógójì ọdún tí wọ́n ti gbọ́ ohùn ara wọn kẹ́yìn. Ará ilé kan ti kọ nọ́ńbà Kẹ́hìndé sórí bébà fún wọn, wọ́n ká bébà náà pọ̀ mọ́ tẹ̀sùbáà wọn, wọn ò pè é.

“Bí ọmọ yìí bá dé ọ̀dọ̀ èkejì rẹ̀,” wọ́n ní, “èmi náà á pe tèmi.”

Inú mi bàjẹ́ gan-an, nítorí mo ti dá wo fíìmù náà dé òpin ní kọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé Táyé ò ní dé ibì kankan. Mo pinnu láti purọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà, mo sì rò pé ẹni tó gbọ́ èdè ló ni ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí a ó wo apá tó kẹ́yìn pé. Táyé ṣubú sórí yanrìn, kò dìde mọ́.

“Màmá, ó rẹ̀ ẹ́ ni,” mo ní. “Wọ́n máa gbé e lọ bá sœur ẹ̀, èkejì ẹ̀ yẹn.”

“Ọmọ mi, èdè wọn ni mi ò gbọ́. Ojú mi ò fọ́.”

Ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Ojú tì mí, mo sì tún bà á jẹ́ sí i. “Pardon, Màmá. Táyé ti kú.”

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè. “A kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìbejì. Èyí tó kù á gbọ́. Ó lọ ra iyọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ là ń wí.”

Mo tún un wí lẹ́yìn wọn bí ọmọ ilé kéwú. Mo wá gbé fóònù mi, mo rò pé ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé ti parí nìyẹn. Wọ́n pè mí padà, bébà náà wà lọ́wọ́ wọn.

“Pè é fún mi.”

“Màmá, ẹ ní ó dìgbà tí Táyé bá dé ọ̀dọ̀ èkejì ẹ̀.”

“Kò dé. Ìdí tí mo fi ní kó o pè é nìyẹn.”

Mo ń ka nọ́ńbà náà ní Faransé bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ohùn àgbàlagbà obìnrin kan béèrè ẹni tó ń pè. Màmá Àgbà fa fóònù mọ́ra, wọ́n ní, “Èmi ni.”

“Táyé,” ohùn náà ní, “mo ní kó o lọ wo ayé wá. Mi ò ní kó o pẹ́ tó báyìí.”

Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n sunkún, èmi náà sì ń sunkún níbi tí mo jókòó sí. Kò sí nǹkan kan tí mo ní láti túmọ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń bá wọn pe Ògbómọ̀ṣọ́. Ìdajì Yorùbá tí mo fi ń kọ ìtàn yìí, ibi tí àwọn méjèèjì ti ń jà lórí ẹni tó fọ́ ìkòkò omi ìyá wọn ni mo ti kọ́ ọ. Wọ́n ń sọ pé àwọn á ríra lẹ́yìn Iléyá, ṣùgbọ́n orúnkún Màmá Àgbà ò gbà.

Ìgbà òjò tó kọjá ni ọlọ́jọ́ dé bá Màmá Àgbà. Èmi ni àwọn ọmọ wọn ní kí n pe Kẹ́hìndé, nítorí ohùn mi ni Kẹ́hìndé mọ̀.

“Màmá,” mo ní, “Táyé lọ ra iyọ̀.”



“Ó tún ti ṣáájú mi,” wọ́n ní. “Kò burú. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi náà ń bọ̀.”

Mo ti gbàgbé ẹni tó gba owó nínú fíìmù yẹn. Mo ṣì ń pe Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn alásàrí. Kí n tó kí wọn tán, wọ́n á ti béèrè bóyá mo ti jẹun.