Oríkì Tí Wọ́n Fi Sá Àwòrán Mi Sóòrùn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, òkú ni mo ń jowú. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ìyá tó bí Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, ni òkú ọ̀hún. Kò pẹ́ tí wọ́n sin wọ́n tán ni màmá wa bí àbúrò mi, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Yétúndé. Láti ọjọ́ náà ni ayé mi ti dàrú. Màmá Àgbà kì í pè é lórúkọ, "Ìyá mi" ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá bu ọbẹ̀, ẹran tó tóbi jù di ti "Ìyá mi". Bí a bá jọ fọ́ àwo, èmi nìkan ni màá kúnlẹ̀ tí màá káwọ́ sókè, torí bí màmá wa bá ti mú pankẹ́rẹ́ báyìí, Màmá Àgbà á ti ké láti ìta pé, "Ẹ má na ìyá mi o!" Èmi ẹ̀gbọ́n, tí mò ń fa omi nínú kànga kí n tó lọ sílé ìwé, n kò jẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni.

Ìgándò là ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ibẹ̀ láyé ìgbà yẹn á rántí pé oko ẹ̀gẹ́ ló wà lẹ́yìn ilé púpọ̀. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Dópẹmú, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán ilé. Irú pépà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti pa tì, èyí tí oòrùn ń sọ di búlúù. Bàbá máa ń kó àjákù rẹ̀ wálé nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ìmọ́lẹ̀ má baà rí i. Tó bá di Sátidé, tí a ti fọ aṣọ tán, tí a ti jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì yó, wọ́n á gbé ẹyọ kan jáde sí àgbàlá. Ọmọ kan á tẹ́ ọwọ́ lé e, ewé á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ náà, oòrùn á máa pa á. Lẹ́yìn náà ni Bàbá á ri pépà bọ inú abọ́ omi. Ibi tí oòrùn dé á di búlúù bí aró, ibi tí ọwọ́ àti ewé bò á funfun. Kò sí kámẹ́rà, kò sí fíìmù.

Ẹnu Màmá Àgbà la fi ń mọ ìgbà tí pépà jinná sóòrùn. Wọ́n ní ọmọ àwọn kò ní jókòó sínú oòrùn bí ẹni tó jalè, pé àwọn á máa kì í. Bí wọ́n bá kì í tán, Bàbá á gbé pépà. Ohùn wọn dùn débi pé èèrà á máa rìn lọ́wọ́ mi, n kò ní mira.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Oríkì ilé wa kò gùn, gbogbo wa la sì jọ ni ín. Tó bá kàn mí, wọ́n á kì í, wọ́n á fi "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi" parí rẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n tó bá kan Yétúndé, wọ́n á tún bọ́ sórí oríkì ìyá wọn: odò tí wọ́n ti wẹ̀ ní kékeré, aṣọ tí wọ́n máa ń rẹ láró, àwọn tó bí wọn, àwọn tó bí àwọn tó bí wọn. Òógùn á bo Yétúndé. Pépà rẹ̀ á pẹ́ sóòrùn, á dú mìnìmìnì, ewé ìbẹ́pẹ inú rẹ̀ á yọ kedere. Tèmi á dà bí aṣọ tó ti ṣá. Bàbá lẹ tirẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀, wọ́n fi tèmi sínú dúrọ́ọ̀. Owú jẹ mí débi pé mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí ògiri yẹn tí mo bá ń jẹun.

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Màmá, oríkì tèmi ti kúrú jù."

Wọ́n wò mí. "Àbẹ̀kẹ́, ìyá mi gbó kí wọ́n tó lọ. Ìwọ, kí lo tíì ṣe tí n ó fi kì ọ́?"

Mo lọ sẹ́yìn kànga, mo sunkún.

Nígbà tó yá, Bàbá ní pépà ku ẹyọ kan ṣoṣo, pé ọ́fíìsì ti da ìyókù nù. Mo bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbà kí ó jẹ́ tèmi. Mo já ewé ẹ̀gẹ́, mo tẹ́ ọwọ́. Bí Màmá Àgbà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìkùukùu bo oòrùn. Màmá Àgbà ní kí wọ́n ká sùtánà ṣọ́ọ̀ṣì funfun tí màmá wa sá sórí okùn, bóyá òun ló ń ṣíji bò wá. Wọ́n ká a, kò yí nǹkan kan padà. Oríkì ilé parí. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n yẹ pépà wò.

"Màmá, kò tíì jinná o. Tí a bá gbé e báyìí, omi á fọ̀ ọ́ nù ni."

Mo rò pé oríkì ìyá wọn ni Màmá Àgbà fẹ́ yá mi lò. Àfi bí wọ́n ṣe gbóhùn sókè:

"Àbẹ̀kẹ́ tí í fa omi kí ilẹ̀ tó mọ́.
Ọmọ tí í bínú oúnjẹ, tí í jẹ ẹ́ tán.
Ó ń fi igun ojú wo ẹran àbúrò.
Ojowú ọmọ tó sunkún lẹ́yìn kànga,
Ó rò pé ìyá àgbà òun kò gbọ́.
Mo gbọ́, Àbẹ̀kẹ́. Mo gbọ́ o."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Yétúndé ń yí nílẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín, kí ọwọ́ mi má baà mì. Wọ́n kì mí lọ, wọ́n kì mí bọ̀, títí oòrùn fi yọ padà. Nígbà tí pépà bọ́ sómi, ó dú ju ti Yétúndé lọ, Bàbá sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọjú sí ògiri jẹun.

Lónìí, fóònù ni àwọn ọmọ mi fi ń ya àwòrán. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹnikẹ́ni kì í dúró, ẹnikẹ́ni kì í kì wọ́n. Ilé ti gba gbogbo oko ẹ̀gẹ́ Ìgándò. Màmá Àgbà ti lọ. Oríkì ìyá wọn ṣì wà, àwọn àbúrò bàbá mi ń kì í níbi ìsọmọlórúkọ. Tèmi ò sí lẹ́nu ẹlòmíràn.

Láìpẹ́ yìí, Yétúndé wá kí mi láti Ẹ̀gbẹ́dá. Ó dúró níwájú àwòrán mi ọjọ́sí lára ògiri, kò kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ gbádùn Màmá Àgbà jàre. Tèmi yẹn, òkú ni wọ́n ń kì. Tiyín, ẹ̀yin gan-an ni." Ó wá ní kí n kọ́ òun, kí oríkì náà má baà parẹ́.

Kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn pé òun náà jowú. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Mo ṣì ń rò ó.