Agogo Tí Bàbá Amẹ́ríkà Gbọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Dagenham nílùú òyìnbó, bí ó bá jẹ́ pé mo rántí rẹ̀ dáadáa, ilé wa ló wà láàrin ilé àwọn arúgbó méjì tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Opó kan tó wá láti Íńdíà ń gbé lápá òsì. Màmá Íńdíà ni mo ń pè é. Lápá ọ̀tún ni Bàbá Amẹ́ríkà wà, tó ti ṣe sójà rí. Èmi ni wọ́n ń rán sí ara wọn, bóyá nítorí pé mo máa ń kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ rere ni wọ́n ń rán mi. Bàbá Amẹ́ríkà á ní, "Bi ìyá yẹn, ṣé lóòótọ́ ni màlúù ń yó nílùú wọn tí ebi sì ń pa ènìyàn?" Màmá Íńdíà náà á ní, "Sọ fún un pé ní tiwọn, bí òbí bá ti darúgbó, wọ́n á gbé e jù sílé àwọn arúgbó bíi bàtà tó já." Kò sí èyí tó dé ìlú ẹnì kejì rí nínú wọn. Inú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti kọ́ gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá mi ti kọ́ mi pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nítorí náà, bí mo bá dé apá òsì, n ó ní, "Wọ́n ní ṣé àlàáfíà ni àwọn màlúù ilé wà?" Lápá ọ̀tún, n ó ní, "Wọ́n ń béèrè àwọn òbí yín." Díẹ̀díẹ̀, ojú àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bàbá ní òun kò mọ̀ pé ará Íńdíà ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ni Íńdíà yẹn ti jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Amẹ́ríkà ní, "Sọ fún màmá pé agogo tí wọ́n ń lù ní ìdájí dùn mọ́ mi. Kí wọ́n má dá a dúró."

Mo jẹ́ ìyẹn bó ṣe rí. Ife tíì tí Màmá Íńdíà ń gbé lọ sẹ́nu dúró lójú ọ̀nà.

"Agogo wo? Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, n kò fọwọ́ kan agogo. Padà lọ. Sọ fún un pé ẹni tó bá ń gbọ́ irú rẹ̀, wọ́n ń pè é ni. Kó lọ rí dókítà lónìí, kó má di ọ̀la."

Báwo ni ọmọdé ṣe máa gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ka arúgbó mọ́lé? Aládùúrà sì ni wá. Mo rò pé agogo àdúrà ìyá mi ló ń gbọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Wọ́n ní inú àwọn dùn pé ó dùn mọ́ yín." Bàbá rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde.

Màmá Íńdíà bi mí bóyá mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí. "Ará Amẹ́ríkà ni. Wọn kì í gbọ́ ìkìlọ̀." Ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn títí ó fi kú, n kò sì tún un ṣe.

Nígbà tí mo dàgbà, mo bi ìyá mi léèrè agogo náà. Ó ní wọ́n ti sin ọkùnrin yẹn kí ẹ̀gbọ́n òun tó mú agogo náà wá láti Ìjẹ̀bú. Bóyá òun ló gbàgbé. Bóyá èmi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ìtàn yìí sínú ìwé ìrántí mi, kò sì sí èyí tó bá ìkejì mu, àfi ní ti pé èmi náà ń gbọ́ agogo náà nínú gbogbo wọn.

Ayé ti yí. Ẹ̀yin ń bá ará Íńdíà àti ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ kò nílò ọmọ tí yóò máa fi oyin ra ọ̀rọ̀ yín. Agogo ìyá mi wà lórí pẹpẹ ìwé mi ní Becontree Heath, irin inú rẹ̀ sì ti já bọ́ tipẹ́tipẹ́. Láàárọ̀ òní, ọmọ-ọmọ mi obìnrin sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá òkè.

"Grandma, agogo yín ìdájí yìí dùn gan-an o."

Mo jẹ́ iṣẹ́ Màmá Íńdíà fún un bó ṣe rán mi, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan. Ó bi mí bóyá ó yẹ kí òun bẹ̀rù. Mo ní n kò mọ̀. Kó ṣáà wọ bàtà rẹ̀, dókítà ti ṣílẹ̀kùn.