Koríko Tí Mo Lọ Rà Ní Okokomáíkò

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí Pijó 504 ṣì ń jọba lójú títì, èmi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kúrò nílé ní Abẹ́òkúta kí ilẹ̀ tó mọ́. Agolo mílíìkì kan ló wà lọ́wọ́ mi, erùpẹ̀ iwájú ilé mi ló kún inú rẹ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́ta ni ìyàwó mi fi wà ní Ìbàdàn, tó ń bá ọmọ wa wẹ ọmọ tuntun, ó sì fi òdòdó mẹ́jọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa lé mi lọ́wọ́. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kú pátá. Mo kọ lẹ́tà sí i pé àpáta ló pa wọ́n. Ta ni kò mọ̀ pé orí àpáta ni àwa ará Abẹ́òkúta kọ́lé sí? Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ló ń bọ̀ wálé, mo sì fẹ́ kí ewé tútù pàdé rẹ̀ kí n lè rójú wò ó.

Náírà márùn-ún ni mo san dé Ọ̀ṣọ́dì, àwa mẹ́rin lẹ́yìn mọ́tò, agolo mi lórí itan. Láti ibẹ̀ mo wọ bọ́ọ̀sì dé Máìlì Tuu, mo tún wọ òmíràn lójú títì tó lọ sí Àgbádárìgì. Ilẹ̀ ọ̀hún tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìbá, mi ò rí òkúta kan tí kì í ṣe lọ́rì ló gbé e wá. Lọ́dọ̀ wa, orí àpáta là ń sá aṣọ sí; tiwọn, yanrìn ni. Ó pẹ́ tí mo ti jáde nílé kẹ́yìn, inú mi sì ń dùn ṣáá, mò ń kí ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

Ní Okokomáíkò, mo kọ́kọ́ jẹ ẹ̀wà àgànyìn lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gùn kan. Ẹ̀wà tí wọ́n sè rọ̀ múlọ́múlọ́ ni, tí wọ́n wá da ata díndín dúdú lé lórí. Pẹ̀lú búrẹ́dì, náírà kan àtààbọ̀ ni. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún bu òmíràn.

Ọkùnrin tó ń ta òdòdó létí títì níbẹ̀, tí wọ́n ti ròyìn rẹ̀ fún mi láti ilé, ń jẹ́ Sọ́ńdè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn àárọ̀ dé, sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò wọ bàtà. Mo na agolo sí i. Ó da erùpẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka tú u.

"Bàbá, òkúta lẹ rù wá yìí o. Ẹ má ra òdòdó. Ẹ ra koríko."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Nílé wa, koríko iwájú ilé a máa ba orúkọ onílé jẹ́; ọmọ tí wọ́n ní kó ro ó tí kò ro ó, ẹgba ni yóò jẹ. Ṣùgbọ́n ó fà mí lọ síbi kan, ó fi ọ̀kan hàn mí tí ewé rẹ̀ pupa bí epo, tí orí rẹ̀ sì dà bí ìrù ológbò. Ó pè é ní fáúntéènì, ó ní orúkọ tí òyìnbó ń pe omi tó ń tú sókè ni. Mo fọwọ́ pa á, ó rìn mí ní ìgàkè, mo bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo ti gbé èyí tó sanra jù lábẹ́ ìbòòji nígbà tó gbà á lọ́wọ́ mi.

"Èyí ti mọ adùn, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mò ń fún un lómi. Tó bá dé orí òkúta yín, ẹ máa sin ín ni."

Ẹ̀yìn òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ ló mú mi lọ, níbi tí àwọn kan tó tínrín wà nínú oòrùn. Ó yọ ọ̀kan nínú ọ̀rá rẹ̀: gbòǹgbò funfun ló kún bámú.

"Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Èyí ti jìyà, ó ti gbọ́n. Àmọ́ oṣù àkọ́kọ́, omi láràárọ̀ o." Ó wá wojú mi. "Àwọn tó kú yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fún wọn lómi lọ́sẹ̀?"

Mo yíjú sí títì, mò ń wo mọ́tò.

Mo ra mẹ́fà. Ó gé ewé wọn kù ní ìbú ọwọ́ kan kí atẹ́gùn má baà gbẹ wọ́n lọ́nà, ó fi àpò tútù wé gbòǹgbò wọn. Ọ̀kadà ló gbé mi dé Ìyànà-Ìbá, ilé àbúrò mi obìnrin, Ìyá Ṣọlá. Mi ò gun ọ̀kadà rí. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń pariwo, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń juwọ́ sí mi. Mo gbé ẹrù mi sẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé, mo jẹun, mo wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ẹnu ọ̀nà mọ́ fínní-fínní.

"Koríko mi dà?"

"Koríko wo, Bọ̀dá mi? Èyí tí wọ́n ti ro tán? Mo rò pé ará ilé kejì ló kó pàǹtí sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin lẹ wá, mi ò lè jẹ́ kí iwájú ilé dọ̀tí. Mo ti dà á sí ààtàn, mo ti ṣáná sí i."

"Owó ni mo fi rà á."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ fowó ra koríko? Ṣé ara yín yá ṣá?"

A sáré. Òun gbé garawa omi, èmi ró táwẹ̀lì. Méjì ti jóná, a fa mẹ́rin yọ, ewé wọn ti di dúdú ṣùgbọ́n gbòǹgbò ṣì tutù nínú àpò. Àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí ààtàn, a rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo padà dé ilé ní Abẹ́òkúta. Ìyàwó mi, ẹni tí mò ń sáré nítorí rẹ̀, ti jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fi ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tó dá.

"Bàbá Fúnmi, kí lẹ rù yẹn?"

Láti Ọ̀ṣọ́dì ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ àpáta jọ lẹ́nu. Mo wo òdòdó rẹ̀ tó gbẹ, mo gbé ẹrù mi sílẹ̀. Ojú tì mí gan-an.

"Koríko ni. Àpáta kọ́ ló pa òdòdó rẹ. Mi ò bomi rin wọ́n."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ọdún márùn-ún ni wọ́n lò lórí àpáta yẹn kí n tó lọ. Mo ka lẹ́tà yín, mo rẹ́rìn-ín, mo fi pamọ́."

Ó dìde, ó mú ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò mẹ́rin. Mo kọ́ lọ́jọ́ náà pé kò sóhun tó ń ṣe ilẹ̀ wa. Mo gbé garawa karí, tíṣà àgbà bíi tèmi, lójú gbogbo àdúgbò, mo lọ pọnmi.